Ìlà Tí N Kò Kà Fún Bàbá Mi

Ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò ti pẹ́ lábẹ́ jíìpù bàbá mi. Ó dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni a ń rí. Bàbá mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ń wo bàtà ọkùnrin náà bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí èsì ìdánwò. Èmi náà dúró tì í nínú aṣọ ilé ìwé mi, nítorí bàbá mi kò kàwé, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọjá pidgin díẹ̀, ọ̀gá náà kò sì gbọ́ Yorùbá. Ọdún 1991 ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Nígbà tí ọ̀gá náà jáde, ó ní iná dára, fèrè dára, bíréèkì mú dáadáa. Ó ní irin tí wọ́n fi bo orí táyà kó má baà máa ta ẹrẹ̀ sí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú dára. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá mi sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀gá náà ní kó gòkè sínú ọkọ̀ lọ pa iná tó tàn, ó sì lọ. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá náà pè mí sún mọ́ ọkọ̀, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ó na ìka sí ọ̀pá irin tó ti ìdí sitíárìn lọ bá táyà iwájú. Nígbà tí bàbá mi gbé jíìpù náà ga lẹ́yìn tó rà á, ọ̀pá yẹn kò tó mọ́, ó sì jó irin mìíràn mọ́ ọn kó lè gùn sí i. Ìlà tín-ín-rín kan wà ní ojú ibi tó ti jó o.

"Ó ti ń là," ni ọ̀gá náà wí fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì. "Sọ fún bàbá rẹ. Nínú àbàtà, ó lè má ṣe nǹkan kan. Lójú títì, yóò pa èèyàn. Kó wá ẹni tí yóò fà á lọ sílé, kó fi odidi ọ̀pá pààrọ̀ èyí, kó sì mú un padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú, ó sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀: ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ dé ojú títì títí wọn yóò fi pààrọ̀ ọ̀pá náà. Ó fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́, ó sì kọjú sí lọ́rì tó wà lẹ́yìn wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jíìpù yìí díẹ̀, kí ẹ má baà rò pé bàbá mi kò mọṣẹ́. Ìyàndá ni orúkọ rẹ̀, wẹ́dà ni ní Ajégúnlẹ̀, kò sì sí géètì tó jó ní àdúgbò wa tó já rí. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ sọ Land Rover àtijọ́ kan nù, ó sì rà á lọ́wọ́ wọn. Ó gbé e ka orí sípíríìnì lọ́rì, ó fi táyà ńláńlá sí i, ó ń fi í wọ́ igi àti ọkọ̀ ojú omi nínú àbàtà tó wà lẹ́yìn Kirikiri. Ọkọ̀ náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Àgùnfọn. Ìyá mi kì í gùn ún, ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni díje láti dé ọ̀run.

Tamuno, ará Rivers tó ń kó ẹrù ní wọ́ọ̀fù, ni ọ̀rẹ́ bàbá mi tímọ́tímọ́. Bàbá Doris ni mo ń pè é, torí pé Doris ọmọ rẹ̀ àti èmi jọ wà ní kíláàsì kan náà. Bí iṣẹ́ kò bá sí, àwọn ọkùnrin méjèèjì kì í kúrò ní ìdí Àgùnfọn. Wọ́n fẹ́ máa fi í wọ́ tírélà tó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà Tin Can, ìdí nìyẹn tí a fi gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ọkọ̀ inú igbó ni tẹ́lẹ̀, òfin sì ni pé ọkọ̀ tí wọ́n bá yí padà báyẹn kò gbọdọ̀ bá àwọn yòókù rìn láìgba ìwé.

Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ kí ìwé yẹn bá mi ṣe. Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọjọ́ ìpín ẹ̀bùn ní ilé ìwé wa ní Àpápá, èmi ni mo sì gba ipò kìíní nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tí awakọ̀ bàbá wọn máa ń gbé wá. Bí èmi àti Doris bá ti fẹsẹ̀ rìn dé, wọn á wo bàtà wa, wọn á ní a ti kó ẹrẹ̀ Ajégúnlẹ̀ dé. Ó máa ń dùn mí dé egungun. Mo ti fọ́nnu fún wọn pé jíìpù ni yóò gbé mi wá lọ́jọ́ Sátidé, jíìpù tó ga ju ọkọ̀ bàbá ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ. Bàbá mi sì ti ṣèlérí pé bí ìwé bá ti jáde, òun yóò gbé wa.

Ó sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, ó ń nu ọwọ́. "Kí ni wọ́n kọ?"

Mo wo ìwé náà. Mo rí ìlà tí wọ́n fa ìlà sí nídìí. Mo tún rí ojú àwọn ọmọbìnrin yẹn.

"Wọ́n ní ó yege, Bàbá. Wọ́n ní kí ẹ máa rọra wà á, kí ẹ padà wá gba ìwé gidi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí lẹ máa lò títí dìgbà náà."

"Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?"

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, sà."

Ó fi ọwọ́ pa mí lórí, ó ní Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ìwé tí mo ń kà ṣe mí láǹfààní. A wa Àgùnfọn padà sílé, nǹkan kan kò ṣe wá. Ìyẹn gan-an ló bà mí jẹ́, nítorí mo sọ fún ara mi pé ọ̀gá náà ló ń ṣe àṣejù. Bàbá mi fi ọ̀rá wé ìwé náà, ó fi í sí àpò àyà rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti kí i kú oríire ló ń dá lóhùn pé ọmọ òun ló kà á fún òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ láti fi gíríìsì sí i, ó ní kí n bá òun mú àkísà wá. Mo kúnlẹ̀. Gíríìsì àti ẹrẹ̀ ti bo ojú ibi tí ọ̀gá náà fi hàn mí, bàbá mi sì ń na ọwọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Doris wọlé ní àkókò yẹn, ó wá fi bàtà tuntun tí bàbá rẹ̀ rà fún un hàn mí, inú rẹ̀ ń dùn. Mo pa ẹnu dé. Mo ní ọjọ́ kan péré ni, bó bá di ọjọ́ Àìkú, n ó jẹ́wọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, bàbá mi wọ agbádá rẹ̀ kan ṣoṣo, ó sì ká apá rẹ̀ sókè kó lè wakọ̀. Bàbá Doris jókòó ní iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú ẹ̀wù funfun gígùn àwọn ará Rivers. Èmi àti Doris wà lẹ́yìn. Ìyá mi àti ìyá Doris ní àwọn ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Àwọn èèyàn ń juwọ́ sí wa lójú ọ̀nà, Bàbá Doris sì ń dá wọn lóhùn bí olóṣèlú.

"Ìyàndá, na today Àpápá go know say we dey," ló wí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Nígbà tí a wọ Àpápá, àwọn tírélà tó ń retí àtiwọ wọ́ọ̀fù tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, òmíràn ti tó ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Kòtò kan wà níwájú wa, bàbá mi sì yà fún un. Mo gbọ́ kí nǹkan kan dá lábẹ́ ọkọ̀, kò pariwo, bí igi ìdáná tí wọ́n ṣẹ́ lásán. Bàbá mi yí sitíárìn padà. Ó ń yí i, ó ń yí i, ọkọ̀ kò tẹ̀ lé e.

"Kò gbọ́ mọ́," ló wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ìdí tírélà ti dé bá wa. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí Bàbá Doris jókòó sí ni ó wọlé. Àwọn onímọ́tò fà wá jáde, wọ́n sáré gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Egungun àyà bàbá mi méjì dá, iwájú orí Doris là, èmi ò tiẹ̀ farapa tó ohun tí wọ́n ń fi owú dì. Bàbá Doris kò délé ìwòsàn. Doris ń pè é nínú ọkọ̀ tó gbé wa, "Papa, Papa," mo sì mọ̀ pé èmi ni mo pa á. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n mú bàbá mi láti ibùsùn ilé ìwòsàn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Èmi àti ìyá mi bá a lọ. Ọlọ́pàá kan tó gbọ́ Yorùbá tú ìwé àyẹ̀wò náà jáde láti inú ọ̀rá. Ẹ̀jẹ̀ ti ta sí i.

"Bàbá, ìwé yìí ní kí ẹ má gbé ọkọ̀ yìí dé ojú títì. Ó ní ọ̀pá sitíárìn ti ń là. Ta ló kà á fún yín?"

Bàbá mi yíjú sí mi. N kò rí ìbínú lójú rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Mo ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó dá mi dúró.

"Wọ́n kà á fún mi," ló wí fún ọlọ́pàá náà. "Mo gbọ́. Agídí mi ni."

Mo ń sunkún. Ohun kan náà ló sọ nílé ẹjọ́, wọ́n sì jù ú sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan ní Kirikiri, nítòsí àbàtà tó ti ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mú un lọ, ìyá Doris dúró sí ọ̀nà rẹ̀, ó bi í bóyá lóòótọ́ ló mọ̀. Bàbá mi doríkodò. Doris kò kí mi mọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, ó tẹjú mọ́ mi.

"Bàbá ẹ mọ̀," ló wí. "He know, ó ṣì ní kí bàbá mi jókòó níwájú."

Mo ti pa ọkùnrin kan, mo tún ń jẹ́ kí ọkùnrin kejì rù ú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń di ẹrù láti padà sí Rivers, mo lọ sí ilé wọn, mo kúnlẹ̀ sáàárín ẹrù, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá Doris jókòó sórí àpótí kan.

"So Ìyàndá no know anything?"

"Wọn ò mọ̀, mà. N kò sọ fún wọn."

Ó bú sẹ́kún. Ó ní láti ọjọ́ ẹjọ́ náà, kò sí òwúrọ̀ kan tí òun kò ṣépè fún ọ̀rẹ́ ọkọ òun. Ó sún ìrìn àjò wọn síwájú, ó sì bá mi lọ sí Kirikiri ní ọjọ́ tí wọ́n gba àlejò láyè. Doris bá wa dé ẹnu géètì, kò wọlé. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ìyá Doris di ọwọ́ bàbá mi mú, ó ń bẹ̀ ẹ́, bàbá mi náà ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ti rù. Nígbà tó kàn mí, mo dojúbolẹ̀, mo ní kó bá mi wí, kó tilẹ̀ nà mí.

"Morádéún," ló wí, "ọ̀pá irin kan péré ni. Ìdajì ọjọ́ ni n bá fi pààrọ̀ rẹ̀."

Mo ti gbọ́ èébú nílé ayé, mo ti gbọ́ èpè pàápàá, kò sí èyí tó dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Bàbá mi parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ó padà sílé. Ó dárí jì mí. Ó sanwó ìdánwò mi, ó ń fi oríkì mi pè mí, ó sì jó níjọ́ ìgbéyàwó mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé lẹ́yìn tó jáde, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ìwé mi wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ó mú lẹ́tà náà, ó kọjá lára mi, ó sọdá títì lọ bá Okechukwu tó ń ta ohun èèlò ọkọ̀, pé kó bá òun kà á. Títí ó fi kú, bàbá mi kò tún gbé ìwé kan fún mi pé kí n ka ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ̀ ń kàwé fún òbí yín, ẹ kà á tán. Ẹ má yọ èyí tí kò bá yín lára mu sílẹ̀, torí ẹni tó ń gbọ́ kò lè mọ ohun tí ẹ fò. Òfin tó ní kí wọ́n yẹ ọkọ̀ wò kó tó dé ojú títì kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹnì kan dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ó rí ikú tó ń bọ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ rán mi. Èmi ni n kò jẹ́ iṣẹ́ náà, Bàbá Doris ló sì kú.