Waya Tó Ń Wúkọ́

Waya kì í wúkọ́. Ó lè máa kùn, ó sì lè máa dún ṣaa bí ìgbà tí òróró bá gbóná, bí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi so ẹnu rẹ̀ kò bá mú dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀gá jáde láti inú yàrá ìgbọ́rin, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì béèrè ta ló ń wúkọ́ nínú wọn.

Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Ẹni méjì péré ló wà nínú ilé iṣẹ́ náà. Bọ̀dá Lẹ́ẹ̀dì, tó máa ń jó ẹnu waya pọ̀, gbé irin gbígbóná ọwọ́ rẹ̀ sókè bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò. Màmá, tó ń di waya, kò gbójú sókè rárá. Aṣọ funfun tí wọ́n fi ń bo ẹnu wà lójú rẹ̀ dé imú, ìka rẹ̀ sì ń lọ, ó ń bọ̀. Abẹ́ aṣọ yẹn ló ti rẹ́rìn-ín.

"Inú waya ni, àbí?" ni ọ̀gá wí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó padà wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ná. Àwọn olówó kan wà tí wọ́n máa ń ya odindi yàrá sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ orin. Waya ló ń gbé ohùn láti inú ẹ̀rọ náà lọ sínú sípíkà. Waya ọjà ń ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn tí etí wọn mú yóò sọ fún ọ pé waya ọjà máa ń jẹ lára ohùn. Dùùrù kò ní dún tán kó tó kú. O kò sì ní gbọ́ ibi tí akọrin ti mí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá waya àfọwọ́ṣe: fàdákà tín-ín-rín, tí wọ́n wọ òwú fún, tí wọ́n wá di mẹ́rin mẹ́rin pọ̀ gẹ́gẹ́ bí irun. Ẹ̀rọ kò lè dì í bó ṣe yẹ, torí bákan náà ni ẹ̀rọ ń fà á le láti òkè délẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló mọ ibi tó yẹ kí ó dẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀gá ní orin kọ́ lòun ń tà, ìdákẹ́jẹ́ tó wà lẹ́yìn orin ni. Ọ̀gá Dákẹ́ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ó kan gbogbo fèrèsé pa, kí eruku má baà bà lé fàdákà tó wà níhòòhò. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lórí waya, torí èémí máa ń sọ fàdákà di dúdú. Ọjọ́ tí Màmá dé ló ti fi sùúrù kọ́ ọ, bí olùkọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ní, "Màmá, ohunkóhun tó bá kan fàdákà, ó ti gbà á nìyẹn. Kì í dá a padà."

Màmá di ọ̀rọ̀ náà mú.

Onídìrí ni tẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju tàwọn tó ti wà níbẹ̀ rí lọ. Ohun tí ọ̀gá kò mọ̀ ni pé ọmọbìnrin tó ń jókòó sórí àga adiwaya kí Màmá tó dé, ọmọ Màmá ni. Ọmọ náà ti kú. Ọ̀gá kò dé ibi ìsìnkú, ó kàn ránṣẹ́ pé kí ẹnì kan wá gbé báàgì rẹ̀. Màmá kò mọ ohun tó ń wá gan-an nígbà tó lọ tọrọ iṣẹ́ níbẹ̀. Bóyá ó kàn fẹ́ mọ ojú ọkùnrin náà ni.

Bọ̀dá Lẹ́ẹ̀dì ló sọ ìyókù fún un, láìmọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ń jó lẹ́ẹ̀dì, wọ́n máa ń fi oje igi gbígbẹ sí i kó lè mú dáadáa. Èéfín oje náà dùn ní imú, ṣùgbọ́n ó máa ń gún àyà, igun tí adiwaya ń jókòó sí ló sì máa ń rọ́ lọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó bẹ ọ̀gá pé kó ṣí fèrèsé kan. Ọ̀gá ní tó bá ṣí i, kó gba ibẹ̀ jáde. Nígbà tó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ náà dorí kọ tábìlì.

Bọ̀dá Lẹ́ẹ̀dì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ ṣe? Ó fa waya yọ lábẹ́ orí ọmọ ọlọ́mọ. Ó nù ún. Ó ká a. Lẹ́yìn náà ló tó ní ká wá ọkọ̀."

Màmá ní ẹ̀hẹ́n. Ó béèrè bóyá waya náà bàjẹ́. Bọ̀dá Lẹ́ẹ̀dì wò ó bí ẹni tí kò mọ irú èèyàn tó jẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti mọ ohun tó ń wá. Ó fẹ́ kí ọkùnrin yìí jókòó síbì kan, kó máa wá èémí, kó má rí i, kó sì mọ ìdí rẹ̀.

Àyè rẹ̀ kò pẹ́ ṣí sílẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ waya tuntun sí yàrá ìgbọ́rin tirẹ̀ gan-an, èyí tó gùn ju gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe lọ. Màmá mú irun ọmọ rẹ̀ wá láti ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló di irun náà, òun náà ló sì gé e kí wọ́n tó sin ín. Ó ń tú u díẹ̀díẹ̀, ó ń fi fọ́nrán kọ̀ọ̀kan bá fàdákà lọ lábẹ́ òwú dúdú. Tí ọ̀gá bá ti wọlé lọ, á fa aṣọ ẹnu rẹ̀ wálẹ̀, á sì máa sọ̀rọ̀ sí irun náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí ọmọ òun dìde, kó wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, kó má jẹ́ kí ẹni tó pa á jáde.

Irun náà tán kí waya tó tán. Bí irun bá tán lọ́wọ́ onídìrí, kì í dúró ronú, òmíràn ni yóò mú so mọ́ ọn. Màmá na ọwọ́ sí orí ara rẹ̀, ó fa irun funfun tu, ó so ó mọ́ ọn, ó sì di waya náà parí. Ìṣe ọwọ́ ni. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyẹn ni waya tó ń wúkọ́.

Ọ̀gá pààrọ̀ ẹ̀rọ, ó pààrọ̀ sípíkà. Ikọ́ náà kò lọ, ó tún ń sún mọ́ ọn ni. Bọ̀dá Lẹ́ẹ̀dì ní bóyá òtútù ló mú waya náà, kí wọ́n ra oògùn ikọ́ fún un. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti jìn wọ inú. Síbẹ̀ kò lè yọ waya náà, torí pé kò gbọ́ ohùn tó mọ́ tó báyìí rí láyé rẹ̀. Ó ní àfi bíi pé akọrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Nígbà tó ṣe, ó rán Bọ̀dá Lẹ́ẹ̀dì wọlé lọ yẹ ẹnu waya wò. Kò pẹ́ tí ìyẹn fi jáde. Ó ń palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

"Mo mọ ikọ́ yẹn," ló wí. "Ẹ̀yìn mi níbí ni ọmọ yẹn ti ń wú u. Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹ máa lọ, bọ̀dá. Mi ò tíì ṣe tán."

Bọ̀dá Lẹ́ẹ̀dì wò ó lọ títí. Bóyá ìgbà yẹn ló rí ojú ọmọ náà lójú rẹ̀. Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọ̀gá pe Màmá wọlé. "Ẹ̀yin lẹ dì í," ló wí. "Ẹ wá fi etí ara yín gbọ́ ọ."

Wọ́n ti fi tìmùtìmù bo ara ògiri yàrá náà yíká, kò sì ní fèrèsé. Ọ̀gá jókòó sórí àga rẹ̀. Màmá dúró sẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn. Orin kan parí, ìdákẹ́jẹ́ tó ń tà náà sì dé. Nínú rẹ̀ ni òórùn oje igi ti kọ́kọ́ wọlé, dídùn, díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó tan irin lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni ikọ́. Lẹ́yìn ikọ́ ni ohùn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí fèrèsé."

Ọ̀gá fẹ́ dìde, àyà rẹ̀ ká a mọ́ àga. Ó la ẹnu, nǹkan kan kò wọ ibẹ̀. Ó yí ojú sí Màmá, ó na ọwọ́ sí i.

Màmá fa aṣọ ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ kó lè rí i dáadáa. "Ọmọ mi ni," ló wí. "Èmi ni mo bí i. Ẹ nu waya, ọ̀gá. Ẹ kọ́kọ́ nù ún ná."

Ó dúró wo ọwọ́ náà bó ṣe ń já òfuurufú mú. Inú rẹ̀ dùn, ẹ má jẹ́ kí a parọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ni kò ti sí ohun tó dùn mọ́ ọn nínú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ náà sì sọ̀ kalẹ̀, tí ọ̀gá kò mí mọ́, Màmá yíjú sí ilẹ̀kùn, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

"Mo sọ fún ẹ̀yin náà, Màámi."

Ohùn náà kò le. Bó ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n bá jókòó, orí ọmọ láàárín orúnkún ìyá, tí òòyà ń lọ nínú irun, bẹ́ẹ̀ ló rí.

"Ẹ ń dirí fún mi lọ́wọ́. Mo ní àyà ń dùn mí, mi ò fẹ́ padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ ní ta ni iṣẹ́ kì í nira fún. Ẹ ní kí n fara dà á."

Màmá kò lè sọ pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sí orí, ó kan ibi tó ti fa irun tu. Ibẹ̀ ń gbóná bí ẹnu waya tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó. Ó rántí pé irun ọmọ òun kò dé ìparí waya náà. Irun ta ló wá dé ibẹ̀?

Ilẹ̀kùn kò tì. Ó ṣí i díẹ̀, ó rí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lórí tábìlì rẹ̀, ó rí òwú tó fi sílẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan ló kù. Èéfín ti gba àyè lọ́fun rẹ̀, ó sì gbọ́ tí ara rẹ̀ wúkọ́, ikọ́ kan náà.

"Ẹ wá jókòó, Màámi," ni ọmọ náà wí, jẹ́jẹ́. "Ẹ fara dà á."

Màmá rọra ti ilẹ̀kùn láti inú.