Àwòrán Tí Màmá Dìde Kúrò Nínú Rẹ̀

Màmá kúrò nínú àwòrán rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Bẹ́ǹṣì tí ọmọ rẹ̀ obìnrin yà á sí ṣì wà níbẹ̀. Ìyá tó jókòó lórí rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Ayàwòrán ni ọmọ náà. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kú tẹ̀léra, ó ya Màmá sórí kánfáàsì kan, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ó ya Bàbá sórí òmíràn, ó gbé e kọ́ sí yàrá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, ó fọwọ́ kan ibi tó ṣófo náà lórí kánfáàsì Màmá. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìjókòó tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bá mi ṣeré o."

Ó po ọ̀dà, ó tún ìyá rẹ̀ yà. Ilẹ̀ mọ́, ibẹ̀ tún ṣófo. Ó tún un yà. Orí kunkun tó ń bá ìyá rẹ̀ fà yìí, ọ̀dọ̀ ìyá náà ló ti jogún rẹ̀.

Ìgbà tó wọ yàrá lọ mú àkísà ni ara rẹ̀ bù máṣọ. Màmá ti jókòó ti Bàbá nínú àwòrán tirẹ̀. Ọwọ́ Bàbá wà lórí orúnkún rẹ̀, ọmọ náà kọ́ ló sì ya ọwọ́ yẹn síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí àwòrán tó tún wù ú tó èyí. Ó ti ya èyí tó dára jù ú lọ, àwọn ènìyàn sì ti yìn ín. Ṣùgbọ́n iwájú ọwọ́ yẹn ló máa ń padà sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gbọ́ nípa àwòrán náà, ó gbé kẹrosíìnì dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Gbé e sọ̀ kalẹ̀. Jíjó ló máa jó."

"N kò gbé e. Ẹ gbé kẹrosíìnì yín padà sídìí sítóòfù, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé orí ẹ pé? Ṣebí Màmá sọ ọ́ kí wọ́n tó kú: 'Ẹ má yà wá.' Ìwọ wá lọ yà wọ́n! Ohun tó ń bí wọn nínú nìyẹn."

 Àbúrò náà ti gbà bẹ́ẹ̀, ó kàn ṣorí kunkun ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó máa ń pa iṣẹ́ tì kó lè jókòó fún un láti yà, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwòrán?

"Ẹ̀gbọ́n," ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ọjọ́ wo ni Màmá sọ ọ́?"

Ọkùnrin náà gbé kẹrosíìnì sí ọwọ́ kejì.

"Ọjọ́ tí ẹ wá gbé Bàbá lọ sílé yín ni. Ẹ ní èmi nìkan ò lè tọ́jú àwọn méjèèjì. Mọ́tò yín ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwòrán ni Màmá ń sọ. Wọ́n ń bẹ̀ yín kí ẹ má ya àwọn kúrò lọ́dọ̀ ara àwọn. Wọn ò sì fojú kan ara wọn mọ́ títí wọ́n fi kú. Èmi náà tún wá gbé ọ̀kan sí pálọ̀, mo gbé ọ̀kan sí yàrá."

"Pa ẹnu ẹ mọ́!" Ó ṣí kẹrosíìnì, ó ṣá ìṣáná.

Àbúrò fi ẹ̀yìn ti àwòrán náà, ó na apá rẹ̀ méjèèjì. "Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ sun."

Ẹ̀gbọ́n ń wo àwòrán náà láti òkè èjìká àbúrò rẹ̀. Iná jó dé ìka rẹ̀, kò mọ̀.

"Màmá," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ wò mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí."

Ó sáré jáde. Nígbà tí àbúrò yíjú, Màmá àti Bàbá inú àwòrán ti kọ ẹ̀yìn sí yàrá.

Ẹ̀gbọ́n ti pè lórí fóònù láti bẹ̀bẹ̀, àbúrò sì ti forí jì í. Àwòrán náà ṣì wà lára ògiri. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò tíì yíjú padà.