Ife Kọfí Kan Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Ọjọ́ tí Tíṣà Ọlágòkè kọ́kọ́ dúró níwájú ìsọ̀ Àdìjátù ní Ṣakí, kọfí inú agolo ni ọmọbìnrin náà nà sí i. Ọkùnrin náà fajú ro bí ẹni tí wọ́n bu ẹ̀kọ kíkan fún.

"Kì í ṣe eléyìí, ọmọge. Hóró rẹ̀ gan-an ni mò ń wá, èyí tí wọn ò tíì yan."

"Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ gbìn ín ni?"

Ọlágòkè bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Tẹ̀dé ni, ṣùgbọ́n Abijáàn ló dàgbà sí kí bàbá rẹ̀ tó kó wọn padà wálé. Níbẹ̀ ló ti kọ́ ẹsipirẹ́sò mímu, kọfí dúdú tó ki, tí wọ́n ń mu nínú ife kékeré. Ó ní ìkòkò onírin tí wọ́n fi ń sè é, hóró ni kò ní.

Àdìjátù bá a wá a lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń ti Tógò bọ̀. Nígbà tó gbọ́ pé Tíṣà gbé tiẹ̀ lọ síbi ẹ̀rọ ìlọta, tí kọfí wá ń ta á lẹ́nu bí ata, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ra ọlọ tuntun, ó ní kí ó máa gbé e wá.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo Sátidé, Ọlágòkè á yan, Àdìjátù á lọ̀.

"Kí lo rí nínú ìkorò yìí, Gòkè mi?"

"Tún un mu lẹ́ẹ̀kan sí i, ààyò mi. Ìwọ náà á rí i."

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Bàbá Àdìjátù janpata títí, onígbàgbọ́ ni ọkọ, mùsùlùmí ni ìyàwó. Nígbà tó yá, ó gbà, ó ní kí ẹbí Tíṣà wá tọrọ ọmọ.

Oṣù ààwẹ̀ ni ìyá Ọlágòkè àti Mákindé, àbúrò ìyá náà, ti Tẹ̀dé wá wo àfẹ́sọ́nà náà. Inú ti ń bí ìyá tẹ́lẹ̀, nítorí ọmọ rẹ̀ kì í wálé ní Sátidé mọ́. Ó wọ ilé Ọlágòkè, ó bá Àdìjátù níbi tó ti ń kó ohun dúdú kirikiri, lẹ́búlẹ́bú, láti orí ọlọ sínú bébà.

"Gòkè! Oògùn jíjó yìí lo ń mu láràárọ̀?"

"Kọfí ni, Màámi."

"Kọfí inú agolo ni mo mọ̀ ní tèmi!"

Ọlágòkè sè é, ó gbé ife kan síwájú wọn. Mákindé rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Ẹni tó bá lọ oògùn ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ọmọ wa, tọ́ ọ wò."

Àdìjátù kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mò ń gbààwẹ̀. Tí oòrùn bá ti wọ̀, gbogbo ìkòkò yẹn ni màá mu tán lójú yín."

"Kí o lè ráyè lá ẹ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú, àbí?" ni ìyá dáhùn.

Àdìjátù wo Ọlágòkè. Kí ọkùnrin náà fa kọfí náà mu lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ parí. Ọlágòkè nawọ́ sí ife náà.

Ìyá rẹ̀ di ọmú rẹ̀ mú. "Gòkè, èyí lo mu dàgbà. Tí o bá fẹnu kan ìyẹn, má pè mí ní ìyá mọ́."

Ọlágòkè fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Àwọn àgbà ní bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Àdìjátù sunkún délé, ṣùgbọ́n ó ti ríran.

Lọ́jọ́ kejì, Ọlágòkè wá sí ìsọ̀. Ojú rẹ̀ wú, kò sùn.

"Dìjá mi, mo mọ̀ pé kọfí ni. Ìwọ náà mọ̀ pé mo mọ̀. Jẹ́ kí ọkàn Màámi rọ̀ ná, màá bá wọn sọ ọ́."

Àdìjátù ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn.

"Gòkè, ààwẹ̀ ni kò jẹ́ kí èmi mu ún lánàá," ó ní. "Ìwọ ńkọ́?"

Nígbà tí Ọlágòkè yíjú, tó ń lọ, ẹkún gbọn Àdìjátù, ṣùgbọ́n kò pè é padà.