Ẹsẹ̀ Ọláṣẹ̀hìndé àti Ẹnu Láwàlì

“Fáòsíà, ta ló fún ọ lẹ́nu ọ̀rọ̀ níwájú dókítà? Ṣé ìwọ lo bí Ọláṣẹ̀hìndé ni, àbí ìwọ lo tọ́ ọ dàgbà?”

Ràṣídátù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ Fáòsíà, ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, nílé ìwòsàn kan nílùú Akrá, lójú gbogbo ẹni tó wá kí aláìsàn. Ó ti tú gèlè orí rẹ̀, ó fi gbàjá mọ́dìí bí ẹni tó fẹ́ jà. Fáòsíà gbé fúláàsì kókó dání. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀, orí ẹní lórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń sùn, láàárín àwọn obìnrin mìíràn tí ọkọ tiwọn náà wà nínú. Bí ó bá rẹ ènìyàn dé ibi tó rẹ Fáòsíà dé, èébú kì í fi bẹ́ẹ̀ dun olúwarẹ̀ mọ́.

“Ìyálé mi, ẹ má bínú,” ló wí níkẹyìn. “Mo kàn bi wọ́n léèrè bóyá wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún un ni.”

“Bùọ̀dá rẹ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Gbé kókó rẹ, kí o lọ jókòó síbi tí ìyàwó ń jókòó sí.”

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ báyìí kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà: obìnrin tó ń pariwo yìí mọ ohun tí Láwàlì ọkọ rẹ̀ ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n dájú, ó ń retí èrè tirẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń fi ariwo bò ó mọ́lẹ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Láwàlì ni ẹ̀gbọ́n Ọláṣẹ̀hìndé. Bàbá wọn ti kú ní Ìnísà kí wọ́n tó bí Ọláṣẹ̀hìndé, Láwàlì ló sì mú un wá sí Akrá nígbà tó bàlágà, tó kọ́ ọ ní ọjà títà. Orí tábìlì kan náà ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ ní ọjà Tudu, nítòsí ibùdókọ̀ àwọn tíróotíróo. Nígbà tó yá, kálukú ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ti Láwàlì kò pẹ́ tó fi wọmi, nítorí ọ̀lẹ ni, kò sì mọ bí a ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ti àbúrò kún títí ó fi ń ya sí ìta. Ọláṣẹ̀hìndé kò fi ìyẹn ṣe fáàrí rárá. Òun ló ń bọ́ agbo ilé méjèèjì nínú kọ́ḿpáàǹdì wọn ní Nima. Láwàlì ń jẹ, ó ń mu, ó ń ṣàdúrà fún àbúrò rẹ̀ lójú ayé, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, inú rẹ̀ a máa ta á bí ata.

Ìṣó ló gún Ọláṣẹ̀hìndé lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń tú páálí ọjà. Ó ti ní ìtọ̀ ṣúgà tipẹ́, egbò náà kò sì san. Ẹsẹ̀ wú, ìka méjì dúdú, ibà dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Wọ́n fi takisí gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì béèrè ẹni tí àwọn dókítà yóò máa bá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ibí yìí ni àṣìṣe náà ti wáyé. Fáòsíà kúnlẹ̀, ó sún sẹ́yìn, ó ní kí Láwàlì bọ́ síwájú. Ó ní, “Bùọ̀dá ni. Àwọn ni bàbá wa.” Kò sí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó wo ló máa fò fẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú àlejò, nígbà tí ẹni tó tọ́ ọkọ rẹ̀ dàgbà wà ní ìdúró? Èmi kò dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di opó. Láti ọjọ́ náà, Láwàlì nìkan ni àwọn dókítà ń wojú rẹ̀. Bí Fáòsíà bá béèrè nǹkan, wọ́n á ní kó lọ bi ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

Dókítà méjì ló wà lórí ọ̀ràn náà. Dókítà Faruk, tó ń tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà, a máa wá láàárọ̀. Dókítà Lubabah, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ abẹ, a máa wá nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn àwọn méjèèjì, wọn kì í sì í pàdé lẹ́bàá ibùsùn. Ẹnu Láwàlì ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, mo sì bínú sí wọn fún un, nítorí ìwé tí wọ́n kà ju ìyẹn lọ.

Ìtọ́jú náà wá di rúdurùdu. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì á ní kí aláìsàn má fi nǹkan kan kan ẹnu, wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, òmíràn á ní kó máa jẹun, kò sí iṣẹ́ abẹ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Fáòsíà á se kókó, á dà á nù, á tún òmíràn se. Bí ó bá bi Láwàlì, á ní àwọn dókítà ń jà láàárín ara wọn, kó máa gbàdúrà. Ó gbàdúrà títí ẹnu fi bó o. Òórùn ẹsẹ̀ náà sì ń le sí i.

Nígbà tí orí Ọláṣẹ̀hìndé padà bọ̀ sípò, ẹkún ló kọ́kọ́ sun. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun yóò bá ẹ̀gbọ́n òun lọ sí Ìnísà, pé ọkọ̀ ti wà nílẹ̀ tí yóò gbé àwọn lọ́jọ́ Ẹtì.

“Bàbá Àsmá'ù, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí? Ẹnubodè Aflao lèèyàn kọ́kọ́ máa kọjá, ká tó dé Kútọnu, ká tó wá wọ Nàìjíríà.”

“Fáò, ó sàn kí n fi ẹsẹ̀ méjèèjì kú nílé. Ẹ̀gbọ́n ní láti itan ni wọ́n fẹ́ gé e.”

Fáòsíà wo ẹsẹ̀ náà. Láti itan? Kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ itan sí òun létí rí. Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kì í ṣe pé ó ti fura sí Láwàlì o. Ẹni tí inú rẹ̀ mọ́ kì í tètè rí dídú inú ẹlòmíràn.

Abena ló la ojú rẹ̀. Ọmọ Aṣanti ni Abena, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ti Ọláṣẹ̀hìndé ní Tudu, ó sì ti bá àwọn Àláta, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, tajà pẹ́ tó fi ń sọ Yorùbá tí kò gún. Ó yọ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú ọsàn nínú ọ̀rá, kò wá kí Ọláṣẹ̀hìndé rárá. Fáòsíà nìkan ló wá wò, nítorí ó gbọ́ pé ilé ìwòsàn ló ń sùn, ó sì rò pé òun ni ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tó rí Ọláṣẹ̀hìndé tó jókòó lórí ibùsùn, ọsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ei, Awurade, Olúwa mi! Sísítà, ṣé ó wà níbí?” ló wí. “Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún gbogbo wa pé ó ti lọ Nàìjíríà, pé kò bọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n náà ti kun ṣọ́ọ̀bù, chale, ọ̀rẹ́ mi. Orúkọ tirẹ̀ ló wà lókè báyìí. Ìyàwó rẹ̀ ló ń jókòó síbẹ̀ láàárọ̀.”

Fáòsíà gba ọsàn náà, ó dúpẹ́, ó sin Abena dé ẹnu géètì. Nígbà tó padà, ó fẹ̀yìn ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sunkún díẹ̀, nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́ ju kó sun púpọ̀ lọ. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló ti fi sẹ́nu. Ọlọ́run mọ̀ pé ó gbìyànjú láti bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ sì ni tara yìí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí Dókítà Faruk ti wọlé, Fáòsíà bọ́ sí iwájú rẹ̀. Ó fi èdè Háúsá bá a sọ̀rọ̀, nítorí Nima ni wọ́n ti bí i, dókítà náà sì jẹ́ ọmọ Zongo, àdúgbò àwọn Háúsá. Ó ní kó bá òun pe obìnrin oníṣẹ́ abẹ wá síbi ibùsùn yìí, pé òun kò ní kúrò níwájú rẹ̀ títí àwọn méjèèjì yóò fi dúró níbẹ̀ pọ̀. Nọ́ọ̀sì fẹ́ lé e. Ó gbá irin ibùsùn mú. Dókítà wo ojú rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe Dókítà Lubabah.

Orí èyí ni Láwàlì bá wọn, òun àti Ràṣídátù pẹ̀lú báàgì ìrìn-àjò àti ọkùnrin méjì tí yóò gbé aláìsàn sọ́kọ̀.

“Kí lò ń ṣe níbẹ̀, ìyàwó?” ni Láwàlì wí. “Yà, ká gbé ọmọ wa.”

“Bùọ̀dá, ẹ forí jì mí. Mi ò yà.”

Ràṣídátù bẹ̀rẹ̀ èébú, ó pè é ní aláìmoore, ó pè é ní àjẹ́ tó ń ti ọkọ rẹ̀ lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Fáòsíà kò wojú rẹ̀. Ó yíjú sí oníṣẹ́ abẹ, ó sì béèrè ohun tí Láwàlì sọ fún un.

Dókítà Lubabah ní ìka ẹsẹ̀ méjì lòun ní kí wọ́n yọ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé kíá ni, kó má baà gòkè. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ní Dókítà Faruk kò fọwọ́ sí i, ẹbí kò sì fẹ́.

Dókítà Faruk la ẹnu sílẹ̀. Ó ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀ láyé òun. Kí ṣúgà kọ́kọ́ wálẹ̀ díẹ̀ lòun ní, ó sì ti wálẹ̀. Láwàlì ló sọ fún òun pé oníṣẹ́ abẹ ti ní kò nílò abẹ mọ́.

“Itan ńkọ́?” ni Fáòsíà béèrè. “Ta ló sọ̀rọ̀ itan?”

“Itan wo?” ni àwọn dókítà méjèèjì wí pa pọ̀.

Kò sí ẹni tí kò gbọ́ Háúsá níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì níbi tí yóò sá sí. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Láwàlì ní àánú àbúrò òun ló ń ṣe òun. Ó ní ọmọ òun ni, òun ló tọ́ ọ, òun kò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di arọ nílẹ̀ àjèjì.

“Ìdí nìyẹn tí ẹ fi kun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀?” ni Fáòsíà wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. “Tí ẹ fi kọ orúkọ yín sí i, tí ẹ sọ fún gbogbo Tudu pé kò bọ̀ mọ́? Ẹ̀yin àti ìyálé mi, ẹ ti jókòó sórí àga ẹni tó ṣì ń mí.”

Ọláṣẹ̀hìndé tẹjú mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí. Láwàlì kò lè wò ó padà. Ràṣídátù ti ń wá ọ̀nà ìta.

“Ẹ̀yin dókítà,” ni aláìsàn náà wí, “orí mi ti pé. Èmi ni kí ẹ máa bá sọ̀rọ̀. Bí orí mi kò bá pé mọ́, kí ẹ bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀. Ẹ má fi ẹnu ẹlòmíràn tọ́jú mi mọ́.”

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ yẹn. Ìka méjì ni wọn ìbá yọ, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ti fi falẹ̀, jíjẹrà náà ti ràn, gbogbo ìka ẹsẹ̀ náà ni wọ́n kó. Mo mọ̀ pé inú yín kò dùn. Inú Fáòsíà náà kò dùn. Ó fọ ẹ̀jẹ̀ ara aṣọ ọkọ rẹ̀, ó sá a, lẹ́yìn náà ló tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, oorun tí kò sí ẹni tó lè jí i níbẹ̀.

Ìròyìn dé Tudu ṣáájú wọn. Àwọn ọlọ́jà, Abena níwájú, ni wọ́n lé Ràṣídátù kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù náà tí wọ́n sì ha orúkọ Láwàlì kúrò lókè. Ní mọ́ṣáláṣí ní Nima, bí Láwàlì bá ti jókòó sórí ẹní, àwọn ará Ìnísà a máa sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò lè fara dà á. Tọkọtaya náà kó lọ sí Sabon Zongo, sínú yàrá kan tó ń jò, kò sì sí ẹni tó sin wọ́n.

Nígbà tó ṣe, Láwàlì kó àgbààgbà méjì wá bẹ̀bẹ̀. Fáòsíà kúnlẹ̀ kí i, bí ìyàwó ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n ọkọ, ó gbé omi fún un. Láwàlì mu omi, ó wúkọ́, ó sì kọjú sí i.

“Ìyàwó, bá mi sọ fún ọkọ rẹ pé...”

“Bùọ̀dá, àwọn nìyẹn níwájú yín. Ẹ sọ fún wọn fúnra yín.”

Láwàlì yíjú sí àwọn àgbà tó bá a wá. Ọláṣẹ̀hìndé mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde lórí ẹsẹ̀ tí wọ́n ní láti itan ni wọ́n máa gé e. Ó rọra rìn, ó tiro la yàrá kọjá, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun mú. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣí i sílẹ̀, ó sì dúró níbẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi jáde.