Àbẹ́là Tó Kú Lọ́wọ́ Baba Ayàwòrán

Orí àga iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n bá baba ayàwòrán sí, ó ti kú fin-ín-fin-ín. Májèlé wà nínú ife tíì tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Níwájú rẹ̀ ni àwòrán ara rẹ̀ tó yà wà: irun funfun, ọ̀pá ìtilẹ̀, àti àbẹ́là tó ti kú lọ́wọ́.

Àbúrò rẹ̀ tó ń bá a po ọ̀dà mi orí sí Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá. "Ẹ̀gbọ́n mi dágbére fún wa ni, Ọ̀gá. Ayé ti sú wọn. A rí tàìsàn wò, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe."

Ni ọmọbìnrin olóògbé bá bú sẹ́kún. "Yéè! Èmi ni mo pa wọ́n! Àná ni mo sọ fún wọn pé mò ń kó lọ."

Àánú rẹ̀ ṣe Ìnsípẹ́kítọ̀, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju òje lọ. Ó yíjú sí ara ògiri. Àwòrán àwọn arúgbó tí baba yà kún ibẹ̀ bámú: agbẹ̀bí, alágbẹ̀dẹ, tíṣà. Gbogbo wọn ló di àbẹ́là kúkúrú mú, gbogbo rẹ̀ ló sì ń jó.

"Kí ni ìtumọ̀ àbẹ́là yìí?"

"Bàbá ní ogbó kì í ṣe òkùnkùn," ọmọ náà fèsì. "Wọn ò ya èyí tó kú rí, kódà nínú àwòrán ìyá mi nígbà tó wà lórí àìsàn."

Ìnsípẹ́kítọ̀ fọwọ́ kan àwòrán náà. Gbogbo rẹ̀ ti gbẹ. Dúdú orí àbẹ́là nìkan ló yí i lọ́wọ́.

"Ẹnì kan fi ọ̀dà pa iná yìí lánàá, kí a lè gbà pé baba fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ọwọ́ olóògbé mọ́ tónítóní, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì gbẹ. Ẹni méjì péré ló ń fọwọ́ kan ọ̀dà nílé yìí, ọ̀kan ti kú." Ó kọjú sí àbúrò. "Ẹ mọ ọ̀dà rẹ̀, ẹ ò mọ ọkàn rẹ̀."

"Irọ́ ni!" Àmọ́ ohùn rẹ̀ já. "Gbogbo ayé mi ni mo fi po ọ̀dà fún un! Orúkọ tiẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè!"

Ọmọbìnrin náà nu ojú rẹ̀.

"Bàbá kékeré, ẹ̀yin lẹ gbá mi mọ́ra láàárọ̀ yìí. Ẹ gbọ́ tí mò ń sọ pé èmi ni mo pa wọ́n. Ẹ sì ní kí n máa sunkún, pé ó yẹ bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin náà na ọwọ́ méjèèjì sí ọlọ́pàá. Kò lè wo ojú ọmọbìnrin náà.