Wẹ́dà Tó Ní Òun Kò Ní Dá Ọlọ́run Lóhùn

Kò-Ní-Tú ni gbogbo òpópónà ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ fún ẹni tó bá gbé irin wá nìyẹn. Á ká ìbòjú dúdú rẹ̀ sókè, á fi òòlù gbá ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó pọ̀, á ní, "Gbé e máa lọ. Kò ní tú." Òótọ́ ló sì ń sọ. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti kúrò ládùúgbò yẹn, àmọ́ òun ló jó ilẹ̀kùn ilé tí a gbé nígbà náà, ó sì dá mi lójú pé ibi tó fi í sí náà ló ṣì wà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì ọ̀nà. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń bọ̀. Bí iná wẹ́dà bá ń ta pàrà, télọ̀ á kígbe láti ìdí máṣíìnì rẹ̀ pé, "Má sun mí láṣọ o!" Kò-Ní-Tú á dá a lóhùn pé, "Ohun tí òwú gbé dúró, ṣé ìyẹn náà ni iṣẹ́?"

Ìyàwó Kò-Ní-Tú wá ṣàìsàn. Télọ̀ àti àwọn ará ìjọ gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní ọsibítù títí ohùn fi há wọn. Obìnrin náà kò dìde mọ́. Kó tó dákẹ́, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, wọ́n ń pè mí, mo sì ń lọ. Bí wọ́n bá pe ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dá egbò sí i lọ́kàn. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó dúró lẹ́nu ibojì, ó sọ ọ́ sókè tí gbogbo èèyàn gbọ́: "A ké pe Ọlọ́run, ó gbọ́, kò dáhùn. Tó bá pe èmi náà, màá gbọ́, mi ò sì ní dáhùn."

Ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ilé ọtí ló sọ di ìjọ rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ṣe ìgbéyàwó, ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì ló dúró sí, tó fẹ̀yìn ti ọkọ̀, tó ń fa sìgá. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló mú ìyàwó wọlé. Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, bàbá rẹ̀ sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà bímọ ọkùnrin. Ó wá bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ọmọ dání.

"Bàbá mi, ọjọ́ Sọ́ńdè la máa gbé e lọ síwájú Olúwa. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo lè pè ní tèmi. Ẹ wá, ẹ jọ̀ọ́."

Ó wo ọmọ náà. Etí ìyàwó rẹ̀ ló wà lórí ọmọ náà gẹ́lẹ́. Ó fa ìbòjú rẹ̀ wálẹ̀.

"Orí omi ni màá wà," ló sọ, ó sì tanná wẹ́dà.

Ohun tó ń sọ kò ṣàjèjì. Ọdọọdún ló máa ń de káyáàkì rẹ̀ mọ́ orí ọkọ̀. Ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó sí ni káyáàkì. Á kó àgọ́, sítóòfù, kúlà àti ọ̀pá ìpẹja sẹ́yìn, á sì máa tẹ̀ lé etíkun lọ. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí, ibẹ̀ ni yóò pàgọ́ sí. Kì í mú ẹnikẹ́ni dání. Kì í sì í sọ ibi tó ń lọ.

Lọ́dún tí à ń sọ yìí, àgọ́ rẹ̀ ya, okùn ẹ̀wù ìléfòó rẹ̀ náà sì já, ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Ó kó méjèèjì ju sórí tábìlì télọ̀.

"Kí lò ń wá lọ sórí òkun lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé ọmọ-ọmọ rẹ lọ sílé Ọlọ́run?" ni télọ̀ bi í.

"Ẹja."

"Ṣé ẹja ti tán lọ́jà ni?"

"Ẹja ọjà ò mọ̀ mí. Rán aṣọ, jàre."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó jáde lọ wo káyáàkì tó wà lórí ọkọ̀. Ó rí òrùka irin kan tí Kò-Ní-Tú fi bóòtù dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítòsí ibi tí ọwọ́ yóò wà. Okùn ìdákọ̀ró ló wà nínú òrùka náà, ó sì ti jó ẹnu ìkọ́ tó so wọ́n pọ̀ pa pátápátá.

"Àwọn tí mo rí ní etíkun, iwájú ọkọ̀ ni wọ́n ń so ìdákọ̀ró mọ́, pẹ̀lú kókó tí wọ́n lè fà tú kíá. Bí o bá fẹ́ já èyí sílẹ̀ ńkọ́?"

"Kókó ló ń tú. Èyí tí mo bá jó kì í tú. Ẹ̀gbẹ́ ló sì wà, kí n má baà máa nawọ́ bí ẹni tó ń tọrọ báárà."

Télọ̀ padà sídìí máṣíìnì. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, Jésù ń pè ọ́. Kì í ṣe pé Ó fẹ́ bá ọ jà. Ó fẹ́ràn rẹ, Ó kú nítorí rẹ."

"Mo ń gbọ́ ohùn Rẹ̀. Ṣé o rí i pé mò ń dáhùn?"

Ojú télọ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ kò bá a ṣe àríyànjiyàn. Ó fi òwú dúdú onílọ̀ọ́po méjì rán okùn tuntun mọ́ ẹ̀wù ìléfòó náà, ó rán an lọ, ó rán an bọ̀.

"Wọ̀ ọ́ o."

"Ọmọdé ló ń wọ ìyẹn."

"Ó dáa. Bí o ò bá ní wọ̀ ọ́, jókòó lé e."

"Ìyẹn ni mo lè ṣe! Ìdí mi á ti rí ìgbàlà kí èmi tó dé." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú télọ̀. Mi ò rò pé ẹ̀rín nìkan ló fa omi náà.

Ó gbéra. Ó pàgọ́ sí etíkun kan níbi tí iyanrìn ti funfun, ó sun ẹja jẹ, ó mu ọtí lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó wakọ̀ síwájú, ó sì tún pàgọ́. Ọmọ rẹ̀ ń pè é lórí fóònù ṣáá. Ó pa fóònù náà. Ó jókòó síwájú àgọ́, ó ń wo òkun, ó sì sọ sókè pé, "Mo ń gbádùn ara mi o!" Kò sẹ́ni tó bi í.

Àárọ̀ Sátidé ni ó wa káyáàkì kọjá àwọn àpáta, ó ju ìdákọ̀ró sísàlẹ̀, ó ju ìwọ̀ sómi, ó sì jókòó lé ẹ̀wù ìléfòó tó de mọ́ ìjókòó kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Ẹja ń gbé ìwọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò kíyè sí i pé òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn.

Ìṣàn omi dojú kọ ẹ̀gbẹ́ káyáàkì. Ìdákọ̀ró ti há sínú àpáta nísàlẹ̀, okùn náà nà tantan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọ inú omi. Kò-Ní-Tú na ọwọ́ sí òrùka. Kò sí kókó tí yóò fà. Ó na ọwọ́ sí àpótí tí ọ̀bẹ wà. Ìgbì kan dé, àpótí wọ omi, káyáàkì yí dànù, òun náà sì wọ omi.

Nígbà tó jáde, okùn ìdákọ̀ró ti wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá fà á, okùn á tún mú un le sí i. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ lu òrùka irin náà ní ẹ̀ṣẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ́jẹ̀. Kò tú. Ẹni tó jó o mọṣẹ́.

Omi ń gorí ẹnu rẹ̀. Nígbà náà ni nǹkan aláwọ̀ ọsàn kan fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀wù tó ti fìdí jókòó lé ni. Ó ki apá bọ inú okùn rẹ̀, ó sì rí àyè mí díẹ̀.

Ó wá bínú. "Ṣé bí O ṣe fẹ́ ṣe é nìyí?" ló pariwo sójú ọ̀run. "O mú ìyàwó mi, O tún wá mú mi bí ẹja! Mi ò ní pè Ọ́! Ṣé O gbọ́? Mi ò ní pè Ọ́!"

Ẹ wo ọkùnrin tó ní òun kò ní bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, tó wá ń bá a sọ ọ́ ní gbangba òkun. Ó rojọ́ títí. Ó rojọ́ ọsibítù, ó rojọ́ ibojì. Láàárín ìgbì kan àti òmíràn, omi iyọ̀ á kún ẹnu rẹ̀, á tu ú dànù, á tún máa bá ẹjọ́ lọ. Nígbà tó yá, ẹjọ́ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé okùn ẹ̀wù náà, ó sì rí ìránṣọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní iwájú ojú rẹ̀: òwú dúdú, onílọ̀ọ́po méjì, tó tò tẹ̀ lé ara wọn gún régé.

Ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó ló ń fà á lọ sísàlẹ̀. Ohun tí ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló gbé orí rẹ̀ sókè. Télọ̀ kò bi í bóyá ó yẹ fún un. Kò dúró kí ó kọ́kọ́ bẹ òun. Ó ti rán an sílẹ̀ de ọjọ́ tí òun kò ní sí níbẹ̀. Ó wá yé ọkùnrin náà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni Jésù ti ṣe fún òun, kí òun tó mọ̀ pé òun ń rì rárá. Ó ti kú sórí igi àgbélébùú, Ó ti ṣe gbogbo rẹ̀ parí, nígbà tí òun ń fi Í rẹ́rìn-ín.

Ó rí ìgbéraga rẹ̀. Ó rí ọtí. Ó rí ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ ìgbéyàwó, tó bojú wẹ̀yìn. Ó sunkún kíkorò.

"Olúwa," ló sọ, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ kékeré lọ, "mo gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Èmi rèé. Jésù, gbà mí. Bí mo bá tilẹ̀ kú síbí, gbà mí."

Òkun kò dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Okùn ṣì mú un lẹ́sẹ̀. Àmọ́ ohun kan nínú rẹ̀ tó ti le koko látọjọ́ ìsìnkú tú sílẹ̀, ìbẹ̀rù sì lọ. Fetí sílẹ̀ dáadáa, ìwọ tó ń kà á: ọkàn rẹ̀ ti rí ìgbàlà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú okùn.

Nígbà tí oòrùn ti kọjá àtàrí dáadáa, òkun fà tán, omi dúró jẹ́ẹ́, okùn sì dẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. Ó tú ẹ̀wù ìléfòó kúrò lára ìjókòó, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì rọra fi ẹsẹ̀ gbá omi dé èbúté. Káyáàkì dúró síbi tó jó o mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Pásítọ̀ gbé ọmọ náà dání, ó ní kí àwọn òbí bàbá ọmọ dìde. Wọ́n dìde. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá ìyá ọmọ ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà sorí kọ́. Pásítọ̀ rò pé bóyá wọn ò gbọ́ ni, ó tún pè é.

"Èmi rèé!"

Ẹ̀yìn ni ohùn náà ti wá. Gbogbo èèyàn yíjú. Kò-Ní-Tú ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tiro, iyọ̀ òkun ṣì wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀, ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn sì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó rìn gba àárín ìjókòó kọjá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ télọ̀, ó gbé ẹ̀wù náà lé e lẹ́sẹ̀.

"Ìránṣọ rẹ," ló sọ, "kò tú." Ó bọ́ síwájú, ó gba ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè àwọn ọ̀rẹ́ ilé ọtí wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. "A gbọ́ pé Ọlọ́run ti fi ìwọ̀ gbé ọ," ni ọ̀kan sọ, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. "Ojú omi ló ti bà ọ́ lẹ́rù, o yára di ẹlẹ́sìn."

"Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́," ló dá wọn lóhùn. "Ó sì gbé mi. Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yín ò lè jù mí padà sómi. Ẹ sọ fún Èṣù tó rán yín pé mo kí i, kó wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá a mutí." Ó fa ìbòjú rẹ̀ wálẹ̀, ó tanná.

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, ó ṣeé ṣe kí ìwọ náà ní ẹjọ́. Ó ṣeé ṣe kí ibojì kan wà tí o kò tíì lè kúrò lẹ́nu rẹ̀. Rò ó fún Un. Bínú, bí o bá ń bínú. Ẹni tó gba ìṣó mọ́ igi kò ní sá fún ohùn rẹ. Àmọ́ má purọ́ pé o kò gbọ́. O gbọ́ nígbà tí o ṣàìsàn. O gbọ́ nígbà tí ìyá rẹ ń gbàdúrà nínú yàrá kejì. O sì ń gbọ́ nísinsìnyí.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí o fi ọwọ́ ara rẹ jó mọ́ra, agbára rẹ kò lè tú u. Jésù lè tú u. Má dúró kí òkun fà sẹ́yìn. Má sọ pé ó di ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, tàbí bí àyè ìkúnlẹ̀ kò bá sí, pa ojú dé. Ronú pìwà dà, kí o sì gba Olúwa gbọ́ lónìí.

Wọ́n ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n tún ń pè ọ́.

Dáhùn.