Iná Tí Sọ̀fíyù Fà Wọ Ilé

Òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà náà mọ́ bí àwọn yòókù ṣe máa ń mọ́ ní Ìfọ̀nyìn. Àwọn obìnrin ti ń ru gààrí bọ̀ láti Lagbé. Sọ̀fíyù, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ti bá ìyá kan ṣe àdéhùn pé òun yóò gbé e dé Ìgòlò tòun ti ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n alùpùpù Sọ̀fíyù kì í mu epo. Iná mànàmáná ló ń jẹ, bátìrì rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ní kí ìyá náà dúró de òun díẹ̀, ó yà sí ibùdó tí wọ́n ti ń ṣáàjì.

Ibùdó náà dákẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó lórí alùpùpù wọn, wọ́n fajú ro. Fortunée, ọ̀dọ́bìnrin tó kọ́ iṣẹ́ iná tó sì ń bójú tó ibùdó náà, dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Kúrà ti tún lọ?" Sọ̀fíyù béèrè.

"Kúrà ò lọ, ẹ̀gbọ́n, iná wà. Ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì, tó ń ṣe ségesège, ló wá bàjẹ́ pátápátá. Mo ti pe àwọn ọ̀gá títí, wọ́n ní àwọn ń bọ̀."

"Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti ń bọ̀."

Sọ̀fíyù fúnra rẹ̀ pe Sosthène, aṣojú ilé iṣẹ́ tó ta alùpùpù náà fún wọn. Sosthène yìí ló dúró lábẹ́ àtíbàbà lọ́jọ́ tí wọ́n ń tà á, tó ní ibùdó yóò wà ní Daagbé, yóò wà ní Ko-Koumolou. Títí di òní, ti Ìfọ̀nyìn nìkan ló wà.

"Patience, monsieur Sọ̀fíyù," ni ó wí. "Dossier yẹn, ìwé ọ̀rọ̀ àwọn ibùdó, ti wà lórí tábìlì."

Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Sọ̀fíyù ti ń gbọ́ nípa tábìlì yìí. Ó pa fóònù. "Wọ́n ta ẹṣin fún wa, wọn ò gbin koríko," ni ó sọ. "N ó lọ fi chargeur tí mo rà ní Ìgòlò ṣáàjì nílé."

Fortunée mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Pé ẹnu rẹ̀ wọlé kò ní kó jẹ́ ti bátìrì yín. Tiwa ń dá iná dúró bí bátìrì bá ti kún. Èyí kò mọ ìgbà tó kún, yóò kàn máa tì í wọlé ni, títí bátìrì yóò fi gbiná."

"Kí wá ni kí n máa fi bọ́ ọmọ?"

Fortunée tún gbé fóònù rẹ̀, ó ń pe àwọn ọ̀gá.

Kí Sọ̀fíyù tó padà dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́rù, ìyá náà ti bá alùpùpù elépo lọ. Sọ̀fíyù fọwọ́ ti alùpùpù rẹ̀ nínú oòrùn délé.

Ilé Sọ̀fíyù kò ní mítà. Láti ilé Fágbèmí, aládùúgbò rẹ̀, ló ti fa wáyà tín-ín-rín kan wá lórí ọparun. Nítorí olè, ó gbé bátìrì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an, nídìí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí ilé náà ní, ó sì ki chargeur Ìgòlò bọ̀ ọ́.

Ràfátù, ìyàwó rẹ̀, fọwọ́ kan wáyà. "Bàbá Fàtímọ̀, wáyà yìí ti ń gbóná. Ṣé kò sàn kí ẹ gbé e síta?"

"Kí wọ́n lè jí i? Ṣé ìwọ náà fẹ́ dá mi dúró bí àwọn ará ibùdó ni?"

Ràfátù pe Fàtímọ̀, ọmọ wọn, wọ́n jọ lọ ẹ̀yìn ilé lọ bẹ́ ẹ̀gẹ́. Àbẹ̀ní, ìyá Sọ̀fíyù, ń sùn nínú yàrá. Nígbà tó yá, Sọ̀fíyù lọ kí ìrun alàásárì, bátìrì ṣì wà lẹ́nu iná.

Bó ṣe jáde ní mọ́ṣáláṣí ló rí èéfín dúdú lórí òrùlé rẹ̀. Ó sáré. Bátìrì ń ta pàrà-pàrà bí àgbàdo nínú agbada, iná ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń wúkọ́ nínú ilé. Ó fẹ́ kó sínú iná náà, Fágbèmí dì í mú.

"Mo ti pa kúrà láti ọ̀dọ̀ mi. Ojú fèrèsé la ó gbà."

Ọkọ́ ni wọ́n fi fọ́ fèrèsé ẹ̀yìn. Sọ̀fíyù wọlé, ó gbé ìyá rẹ̀ fún Ràfátù àti Fágbèmí níta. Ìyá kò kú. Ṣùgbọ́n èéfín bátìrì, májèlé ni. Ó ba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jẹ́. Ohùn tó fi ń polówó epo pupa ní gbogbo ayé rẹ̀ kò jáde mọ́. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àfi kí ènìyàn gbé etí súnmọ́ ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí ara ìyá mókun díẹ̀, olórí àdúgbò pe ìpàdé. Sosthène wá. "Àdéhùn sọ ọ́ kedere," ni ó wí. "Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi chargeur mìíràn ṣáàjì. Ẹ̀bi wa kọ́."

Sọ̀fíyù dìde. "Òótọ́ ni. Fortunée kìlọ̀ fún mi, ìyàwó mi kìlọ̀ fún mi. Inú bí mi, n kò gbọ́."

Àbẹ̀ní fa Ràfátù mọ́ra, ó sọ nǹkan sí i létí. Ràfátù yíjú sí Sosthène. "Ìyá ní ọmọ àwọn jẹ̀bi. Wọ́n ní kí ẹ wá sọ ibi tó yẹ kó ti lọ ṣáàjì lọ́jọ́ yẹn."

Sosthène ká ìwé àdéhùn rẹ̀ sínú àpò.

Wọ́n ti tún ẹ̀rọ Ìfọ̀nyìn ṣe báyìí. Ní Daagbé, kò tíì sí nǹkan kan. Sọ̀fíyù, tí bátìrì rẹ̀ ti jóná, ti padà sóko ẹ̀gẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ọkọ̀ tàbí alùpùpù oníná, chargeur tó bá a wá ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ilé onílé. Ìta, níbi tí ojú yín tó o, ni kí ẹ ti ṣáàjì, kó má ṣe wà lẹ́nu ọ̀nà tí ènìyàn yóò gbà sá jáde. Bátìrì tó bá wú, tàbí tí omi wọ̀, ẹ má ṣáàjì rẹ̀ mọ́, ẹ gbé e padà fún àwọn tó tà á fún yín. Bó bá gbiná, ẹ kó ènìyàn jáde kí ẹ tó ro ti ẹrù. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tà á, ibi tí wọn yóò ti ṣáàjì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́, kí ẹ tó pàtẹ ọjà. Bí ẹ kò bá ṣe é, kí àwa tí a ń rà á béèrè lọ́wọ́ yín, kí a sì jọ béèrè, kó tó di pé à ń fọ́ fèrèsé.